Àwọn Ọdẹ Òdòdó Iwin: Ìtàn Ìwákiri Kan ní Ilẹ̀ Àbàtà Florida

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, gbogbo igi ni ó bá tan. Òdòdó kan wà ní òkè òkun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yí òwe yìí padà. Ara igi ni òun náà ń gbé bí àfòmọ́, ṣùgbọ́n gbòǹgbò ni gbogbo ohun tí ó ní: kò ní ewé, kò ní ẹ̀ka, kò sì bá gbogbo igi tan. Díẹ̀ nínú àwọn igi àbàtà ni ó ń gbà á ní àlejò. Inú ìdílé àwọn òdòdó tí a ń pè ní ọ́kíìdì ni ó ti wá. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Dendrophylax lindenii. Ṣùgbọ́n àwọn ará Florida, ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ń pè é ní òdòdó iwin, nítorí pé funfun rẹ̀ a máa yọ síni lójijì nínú òkùnkùn igbó, bí ẹni pé ó léfòó ní òfuurufú láìsí ohun tí ó gbé e dúró.

Ó lè ya òǹkàwé lẹ́nu pé òpìtàn ni ó ń kọ̀wé lórí òdòdó. Ṣùgbọ́n ìtàn àwọn tí ó ti ń wá òdòdó yìí kiri láti ọdún 1844 jẹ́ ìtàn ìmọ̀: ta ni ó mọ ibi tí ohun iyebíye wà, ta ni ó sọ ọ́, ta ni ó gbọ́, kí ni ẹni tí ó gbọ́ sì fi ṣe? Irú ọdẹ mẹ́ta ni ó ti wọ inú àbàtà nítorí rẹ̀: àwọn tí ó wá fún un ní orúkọ, àwọn tí ó wá kó o tà, àti àwọn tí ó wá ṣọ́ ọ. Ohun kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nílò, èyí nì ni ìmọ̀ ojú ibi tí ó wà. Láti inú èyí ni ìbéèrè kan ti jáde tí ó kan àwa tí a ń kó ìmọ̀ àwọn baba wa sínú ìwé: ǹjẹ́ gbogbo ohun tí a bá mọ̀ ni ó yẹ kí a kọ sílẹ̀?

Ìwà òdòdó náà

Kí a tó lè mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń fi ara wọn wewu nítorí òdòdó kan, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ìwà rẹ̀. Nígbà tí kò bá tanná, ohun tí ènìyàn yóò rí kò ju okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mélòó kan lọ, tí àwọ̀ wọn wà láàrin ti ewé àti ti eérú, tí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ara igi. Àwọn okùn wọ̀nyí ni gbòǹgbò rẹ̀. Iṣẹ́ tí ewé ń ṣe lára ohun ọ̀gbìn mìíràn, ìyẹn ni fífi ìmọ́lẹ̀ oòrùn pèsè oúnjẹ, gbòǹgbò ni ó ń ṣe é fún un. Kì í fa oje igi tí ó gbé e mu gẹ́gẹ́ bí àfòmọ́ ilẹ̀ wa ti ń ṣe; òjò àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni ó ń mu.

Irúgbìn rẹ̀ kéré bí eruku, kò sì sí oúnjẹ kankan nínú rẹ̀. Nítorí náà kò lè hù, àfi bí ó bá bọ́ sí ibi tí ẹ̀yà olú kan, tí ojú lásán kò lè rí, bá wà lára èèpo igi láti máa bọ́ ọ. Ní Florida, irú igi méjì ni a ti ń rí i jù. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n ń pè ní pop ash. Èkejì jẹ́ ìbátan igi eléso tí a ń pè ní sáwásọ́ọ̀pù, ó sì ń hù nínú àbàtà etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pẹ̀lú.

Láàrin oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ ni òdòdó iwin ń tanná. Funfun báláú ni. Ètè rẹ̀ ti ìsàlẹ̀ gùn, ó sì pín sí ìrù méjì tí ó lọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jọ ọ̀pọ̀lọ́ funfun tí ó fò sókè. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ihò tóóró gígùn kan wà bí òpó, tí omi dídùn bí oyin wà ní ìdí rẹ̀. Àkókò náà gan-an ni omi àbàtà ń kún, tí ooru ń mú, tí ẹ̀fọn sì ń pọ̀. Òmíràn a sì máa lo ọ̀pọ̀ ọdún láìtanná rárá. Ẹni tí ó ń wá a lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹwàá, nínú omi tí ó mù ún dé ìbàdí, pẹ̀lú ìbẹ̀rù ejò àti ọ̀nì, kí ó má sì mọ̀ pé òun ti kọjá ohun tí òun ń wá.

Àwọn tí ó fún un ní orúkọ

Ní ọdún 1844 ni Jean Jules Linden, ọmọ ilẹ̀ Luxembourg tí ìjọba Belgium rán láti kó ewéko jọ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti àwọn erékùṣù rẹ̀, rí òdòdó náà ní Kúbà. Ní 1846, John Lindley, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ewéko ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ àpèjúwe rẹ̀ jáde, ó sì fi orúkọ Linden sọ ọ́.

Àwa ọmọ Yorùbá kò gbọdọ̀ ka ọdún 1844 ní Kúbà kọjá bẹ́ẹ̀. Àkókò náà ni àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Lùkùmí, ń ṣiṣẹ́ títí dójú ikú nínú oko ìrèké. Ní 1843, àwọn ẹrú dìde ní agbègbè Matanzas ní ìhà ìwọ̀-oòrùn erékùṣù náà, àwọn Lùkùmí sì wà lára àwọn aṣáájú wọn. Ní 1844, ìjọba Spain fi ìyà jẹ àwọn aláwọ̀ dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí a fi sọ ọdún náà ní Ọdún Pàṣán. Nígbà kan náà, ní erékùṣù kan náà, ni àwọn kan ń kú nítorí òmìnira, tí àlejò kan sì ń wo orí igi kiri nítorí òdòdó. N kò fi èyí bu Linden. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí òpìtàn rí nǹkan méjèèjì pọ̀.

Ọwọ́ Lindley yìí kan náà ni ó ti kọ orúkọ òdòdó kan láti ìhà ọ̀dọ̀ wa sílẹ̀ ní 1844. Ní 1841 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta gba Odò Ọya lọ, Samuel Àjàyí Crowther, tí kò tí ì di àlùfáà nígbà náà, sì wà lára àwọn tí ó bá wọn lọ. Ológbà kan tí ń jẹ́ John Ansell náà wà nínú ìrìn àjò yìí láti bá wọn kó ewéko jọ. Ibà pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó náà; Theodor Vogel tí í ṣe onímọ̀ ewéko wọn kú ní erékùṣù Fernando Po, tí a ń pè ní Bioko lónìí, kí ọdún náà tó parí. Ní erékùṣù yìí ni Ansell ti rí ọ́kíìdì kan lára ọ̀pẹ, òun sì ni Lindley sọ ní Ansellia africana. Ẹ̀yà náà ń hù ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Orúkọ ológbà náà ni gbogbo ayé fi ń pè é, kì í ṣe orúkọ kankan tí àwọn ará ibẹ̀ fi mọ̀ ọ́n.

Àwọn tí ó wá kó o tà

Ohun tí ó ń tẹ̀ lé orúkọ ni ọjà. Ìwé onímọ̀ ni ó ń sọ fún oníṣòwò pé ohun kan wà, a sì máa kọ ìlú tí ó ti wá sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọlọ́rọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kọ́ ilé onídígí fún ọ́kíìdì, wọ́n sì ń rà á ní gbàǹjo ní owó gọbọi. Linden fúnra rẹ̀ di oníṣòwò ọ́kíìdì ńlá ní Belgium. Ọdẹ ọ́kíìdì kan tí ń jẹ́ Albert Millican kọ ìwé ìrìn àjò rẹ̀ jáde ní 1891. Ó sọ níbẹ̀ láìfi bò pé ní ilẹ̀ Kòlóńbíà, nǹkan bí 4,000 igi ni àwọn gé lulẹ̀ kí àwọn tó kó 10,000 ọ́kíìdì jọ. Gígé igi yá lójú wọn ju gígun igi lọ.

Kí ọ̀rúndún náà tó parí, a ti mọ̀ pé òdòdó iwin wà ní Florida pẹ̀lú. Ibi tí a mọ̀ ọ́n mọ́ jù ni àbàtà Fakahatchee, tí ó gùn tó nǹkan bí 20 máìlì, tí ó sì fẹ̀ tó máìlì 3 sí 5. Hatchee túmọ̀ sí odò ní èdè àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀. Àwọn Seminole ni ó ń gbé agbègbè náà. Láàrin 1817 sí 1858, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bá ìjọba Amẹ́ríkà jagun, àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó sá kúrò lóko ẹrú sì wà láàrin wọn. Àwọn Seminole tí a kò lè kó kúrò ní Florida ni ó fi àbàtà ṣe ibi ìsádi, nítorí pé ó ṣòro fún ọmọ ogun láti tẹ̀ lé wọn dé ibẹ̀.

Ohun tí ó dáàbò bo àwọn ènìyàn náà ni ó dáàbò bo òdòdó: kò sí ọ̀nà. Ní 1928 ni wọ́n parí títì Tamiami, tí ó gba inú àbàtà kọjá láti Tampa dé Miami. Láti ìgbà náà ni ẹnikẹ́ni tí ó ní mọ́tò ti lè dé ẹnu igbó. Ní 1944 ni àwọn agégẹdú wọlé. Igi sípírẹ́sì kì í tètè jẹrà nínú omi, ogun àgbáyé kejì sì mú kí a máa wá a fún ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n kó ilẹ̀ jọ gẹ́gẹ́ bí ebè gígùn láàrin omi, wọ́n tẹ́ irin rélùwéè lé e lórí, wọ́n sì gé púpọ̀ jù lọ nínú àwọn igi ńláńlá náà láàrin nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Ibi tí ibòòji ti wà láti ayébáyé di ibi tí oòrùn ń pa, tí òtútù sì ń wọ̀. Lẹ́yìn wọn, ní àwọn ọdún 1960, ni àwọn oníṣòwò ilẹ̀ dé sí ìtòsí ibẹ̀. Wọ́n gbẹ́ odò àtọwọ́dá láti fa omi àbàtà gbẹ, wọ́n sì ń ta ilẹ̀ náà fún àwọn ará ọ̀nà jíjìn tí kò fojú rí i rí. Ní 1974 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Florida sọ Fakahatchee di igbó tí òfin ń dáàbò bò. Ṣùgbọ́n àwọn ebè tí irin rélùwéè ti kúrò lórí wọn ti di ọ̀nà ẹsẹ̀, àwọn tí ń wá ọ́kíìdì sì mọ̀ wọ́n dáadáa.

Ẹjọ́ tí ó ti inú àbàtà wá

Ní oṣù kejìlá ọdún 1994, àwọn olùṣọ́ igbó mú ọkùnrin kan tí ń jẹ́ John Laroche, pẹ̀lú àwọn ọkùnrin Seminole mẹ́ta, bí wọ́n ti ń jáde bọ̀ láti inú Fakahatchee. Àpò ìrọ̀rí ni wọ́n gbé dání. Ọ́kíìdì àti àwọn ewéko mìíràn tí òfin kà léèwọ̀ ni ó kún inú wọn, òdòdó iwin sì wà lára wọn.

Ètò Laroche kì í ṣe ti olè lásán. Ọgbà ewéko àwọn Seminole ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti lọ sí ilé ìkàwé àwọn amòfin, ó ti ka òfin lẹ́sẹẹsẹ, ó sì gbà pé ẹ̀tọ́ tí àwọn Seminole ní lórí ohun inú igbó gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn yóò gba àwọn là. Nítorí náà, àwọn Seminole ni ó gbé ayùn, àwọn ni ó gé ẹ̀ka igi. Òun kàn ń nawọ́ sí èyí tí wọn yóò gé. Èrò rẹ̀ ni láti sọ díẹ̀ di púpọ̀ nínú ọgbà, kí òdòdó náà wọ́pọ̀ lọ́jà, kí òun lówó, kí àwọn olè sì dẹ́kun àti máa wọ inú igbó. Adájọ́ kò gbà fún un. Ilẹ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ni Fakahatchee, kì í ṣe ilẹ̀ àwọn Seminole. Laroche san owó ìtanràn, a sì kà á léèwọ̀ fún un láti wọ ibẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Akọ̀ròyìn Susan Orlean kọ ìwé kan lórí ọ̀ràn náà tí ó jáde ní 1998. Òun fúnra rẹ̀ wọ inú àbàtà lọ wá òdòdó iwin, ó sì jáde láìrí ẹyọ kan tí ó tanná.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a ṣe àkíyèsí nínú ẹjọ́ yìí. Èkínní ni pé ìwé ni ọkùnrin náà fi pète: ìwé onímọ̀ ewéko àti ìwé òfin. Èkejì ni pé ọwọ́ àwọn ọmọ àwọn tí àbàtà ti gbà là ni ayùn wà, nígbà tí ẹni tí ó gbìmọ̀ náà kò fọwọ́ kan igi. Ẹ̀kẹta ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní òtítọ́ díẹ̀ nínú. Bí òdòdó bá lè hù lọ́wọ́ ènìyàn, èrè tí olè ń wá yóò dín kù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ọ̀wọ́n di ọ̀pọ̀ kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ kó ìwọ̀nba tí ó kù sínú àpò.

Àwọn tí ó wá ṣọ́ ọ

Kò jìnnà sí Fakahatchee ni àbàtà kan wà tí ń jẹ́ Corkscrew. Ní 1954, nígbà tí ayùn àwọn agégẹdú ti súnmọ́ ọn, ni ẹgbẹ́ Audubon gba igbó náà sílẹ̀, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ láti ìgbà náà. Ní 2007 ni a rí òdòdó iwin kan níbẹ̀ lórí igi sípírẹ́sì àtijọ́ kan, ní nǹkan bí 50 ẹsẹ̀ bàtà sókè, tí ọ̀pọ̀ òdòdó ń tanná lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn olùṣọ́ kò fi í pa mọ́. Láti orí afárá onípákó tí àwọn àlejò ń rìn ni a ti ń fi awò amú-ọ̀nà-jíjìn-súnmọ́ni wò ó. Omi wà láàrin, igi ga, olùṣọ́ sì wà nítòsí. Tọmọdé tàgbà ni ó ti rí i, ó sì wà níbẹ̀.

Irú ọdẹ mìíràn ni àwọn tí ó wá mọ bí òdòdó náà ṣe ń bímọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi gbà pé àfòpiná kan ṣoṣo, tí ahọ́n rẹ̀ gùn ju ti àwọn ìyókù lọ, ni ó lè gbé lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ láti ara òdòdó kan dé ara òmíràn. Àbá ni èyí. Àwọn ayàwòrán méjì, Carlton Ward àti Mac Stone, gbé kámẹ́rà tí ń dá ya àwòrán sí ẹ̀gbẹ́ òdòdó náà nínú àbàtà, wọ́n sì mú sùúrù. Ní 2019 ni àwọn àti àwọn onímọ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tẹ ohun tí wọ́n rí jáde: irú àfòpiná tí ó ń wá mu omi dídùn náà ju ẹyọ kan lọ, àfòpiná mìíràn ni kámẹ́rà sì rí pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú lórí. Ó ṣeé ṣe kí èyí tí ahọ́n rẹ̀ gùn jù máa mu oyin òdòdó náà láìṣe iṣẹ́ kankan fún un. Wọn kò já ẹyọ òdòdó kan kí wọ́n tó mọ èyí.

Ní Yunifásítì Florida ẹ̀wẹ̀, àwọn onímọ̀ ti mú kí irúgbìn náà hù nínú ìgò, wọ́n sì ti so àwọn èyí tí ó dàgbà mọ́ ara igi nínú àbàtà. Síbẹ̀ ewu kò tí ì tán. Ìjì líle Irma ba àbàtà náà jẹ́ ní 2017. A fojú bù ú pé nǹkan bí 1,500 ni ó kù ní Florida, ní 2025 sì ni àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí ó ń rí sí ọ̀ràn ẹja àti ẹran igbó dábàá pé kí òfin kà á mọ́ àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ó wà ní bèbè ìparun. Nínú ìwé wọn, àwọn onímọ̀ òde òní a máa kọ gbogbo ohun tí wọ́n rí, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ojú ibi tí igi náà wà.

Ohun tí ó kàn wá

Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ ní òkè òkun, ohun tí a fi kọ́ wa ni pé ìmọ̀ tí a kò tẹ̀ jáde kò tí ì di ìmọ̀. Mo gba ẹ̀kọ́ yìí, mo sì ti fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Oníṣègùn ni bàbá mi àgbà. A máa rán àwa ọmọdé lọ já ewé fún un, ṣùgbọ́n àwọn igi kan wà tí ó jẹ́ pé òun nìkan ni ó ń lọ sí ìdí wọn. Kì í bó èèpo igi yípo. Ẹ̀gbẹ́ kan ni ó ń bó, kí igi náà má baà kú. Nígbà tí ó kú, a kò mọ àwọn igi náà mọ́, a kò sì mọ ohun tí ó ń fi wọ́n ṣe. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ́pọ̀ ìgbà pé àṣírí ni ó pa ìmọ̀ àwọn baba wa. Ìtàn òdòdó iwin kò jẹ́ kí n lè sọ ọ́ báyẹn mọ́.

Ìmọ̀ méjì ni mo ti ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn. Ọ̀kan ni ìmọ̀ ìwà ohun: bí ó ṣe ń hù, ohun tí ń bọ́ ọ, ohun tí ó ń wò sàn. Èyí ni kí a kọ, kí a tẹ̀, kí a sì fi kọ́ ọmọdé, nítorí pé bí ó bá ṣe ń tàn kálẹ̀ ni ohun náà ń ní ààbò, gẹ́gẹ́ bí irúgbìn inú ìgò ti fi hàn. Àdánù ńlá ni ó jẹ́ pé bàbá mi àgbà mú èyí lọ. Èkejì ni ìmọ̀ ojú ibi tí ó wà. Èyí kò gbọdọ̀ ṣáájú olùṣọ́. Ní Corkscrew, gbogbo ènìyàn mọ igi náà, kò sì sí ohun tí ó ṣe é, nítorí pé olùṣọ́ ti wà níbẹ̀ láti 1954 kí ìròyìn tó jáde ní 2007. Ní Fakahatchee, títì ti dé ní 1928, òfin kò dé títí di 1974. Ìròyìn ni ó ṣáájú, ohun tí àwọn olùṣọ́ sì bá ni ìyókù. Ní ti èyí, bàbá mi àgbà kò ṣìnà. Òun ni olùṣọ́ igi rẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tí yóò bá a ṣọ́ ọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń mú ìwé àti ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ lọ sí abúlé lọ́dọọdún, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún jù lọ. Ẹ kọ orúkọ ewé sílẹ̀, ẹ kọ ohun tí ó ń ṣe, ẹ má sì fi nǹkan kan sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ń darúgbó. Ṣùgbọ́n bí bàbá tàbí ìyá kan bá fọkàn tán yín tó bẹ́ẹ̀ tí ó mú yín dé ìdí igi tí kò pọ̀ mọ́, ẹ bi í léèrè kí ẹ tó kọ orúkọ igbó náà sínú ìwé tí yóò wọ ilé ìkàwé. Kí ẹ sì tún bi í bóyá ó fẹ́ kí a kọ orúkọ tirẹ̀. Bí ó bá gbà, orúkọ rẹ̀ ni kí ó ṣáájú orúkọ yín.